Iye Tí Sùúrù Ń Náni: Kíkọ́ Ìtàn àti Ìmọ̀ Àwùjọ Nílé Ẹ̀kọ́ Girama Àwọn Kúékà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn, ìmọ̀ ìjọba àti ètò ọrọ̀ ajé nílé ẹ̀kọ́ àwọn Kúékà ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní agbègbè Philadelphia tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. A ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹwà ọgbà wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì la máa gbájú mọ́, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú.

Ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Kristẹni ni àwọn Kúékà. Àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ George Fox, Margaret Fell àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Nígbà tí Ọba Charles Kejì fún William Penn, tóun náà jẹ́ Kúékà, ní ilẹ̀ Pennsylvania lọ́dún 1681, kò pẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fi tẹ̀ lé e: William Penn Charter School ní 1689, Abington Friends School ní 1697, Westtown ní 1799, Germantown Friends ní 1845, George School ní 1893. Sidwell Friends tó wà ní Washington bẹ̀rẹ̀ ní 1883. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ lónìí kì í ṣe Kúékà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ níbẹ̀ kò ní láti yí ẹ̀sìn padà. Ohun tí wọ́n máa bi í ni bóyá ó lè bá ìlànà wọn ṣiṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni wọ́n, nítorí náà ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kò kàn wọ́n. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ fúnra wọn ló ń jókòó pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé kíláàsì kẹsàn-án á mú ìtàn àgbáyé láti ìgbà àtijọ́, ìkẹwàá á mú ti òde òní, ìkọkànlá á mú ìtàn Amẹ́ríkà, àwọn ìkejìlá á sì yan èyí tó wù wọ́n: òfin ìpìlẹ̀ ìjọba, ètò ọrọ̀ ajé, ìtàn Áfíríkà, ìtàn ìlú tí wọ́n ń gbé. Ní 2018, Sidwell Friends wà lára ilé ẹ̀kọ́ aládàáni mẹ́jọ ní agbègbè Washington tó kéde pé àwọn máa dáwọ́ kọ́ọ̀sì AP (ẹ̀kọ́ ìpele yunifásítì tí àjọ ìta ń ṣètò ìdánwò rẹ̀) dúró tó bá fi máa di 2022. Ẹ lè rí i pé òmìnira pọ̀ níbẹ̀.

Òmìnira yẹn gan-an ló ń kó bá olùkọ́ tuntun. Àwọn Kúékà ní ìlànà ìgbé ayé mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rí, tí wọ́n máa ń kà lórí ìka: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àlàáfíà, òótọ́ inú, ìrẹ́pọ̀, ìdọ́gba, àti ìtọ́jú ohun tó wà níkàáwọ́ ẹni. Olùkọ́ tuntun á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé aláràbarà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á ní òun ti ń kọ́ni lọ́nà Kúékà. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá sọ fún àwọn ọmọ, nítorí ẹ̀rí ìdọ́gba, pé àwọn Kúékà ló dá ẹrú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ti ṣẹ̀ sí ẹ̀rí òótọ́ inú nínú gbólóhùn kan náà.

Lójú tiwa, ohun tó mú kí ẹ̀kọ́ ìtàn ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ ni sùúrù. Wọ́n máa ń dákẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn kì í dìbò, wọ́n máa ń dúró títí ọ̀rọ̀ á fi wọ gbogbo èèyàn lọ́kàn. Ohun rere ni, a sì lè fi kọ́ ọmọ lọ́pọ̀ nǹkan. Àmọ́ owó ló ń ná èèyàn, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló san owó náà. Olùkọ́ tó bá ń lo sùúrù yìí láìfi ìwé ẹ̀rí han àwọn ọmọ pé ẹnì kan san án, ìwàásù ló ń ṣe.

Kí a tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní àwọn kan nínú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, orúkọ àbísọ ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fi ń pe olùkọ́ tó tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, láìsí “Ọ̀gbẹ́ni”, láìsí “sà”. Ó máa ń ta ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá létí. Ẹ má kà á sí àfojúdi. Àwọn Kúékà àkọ́kọ́ kì í ṣí fìlà fún adájọ́, wọ́n sì ń sọ “ìwọ” fún ẹni tí gbogbo ayé ń kí ní “ẹ̀yin”, àwọn èèyàn ń lù wọ́n, àwọn aláṣẹ ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣí ẹ̀kọ́ lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ kan kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má fi orúkọ àbísọ tan ara rẹ̀ jẹ: ẹni tó ń fúnni ní máàkì ṣì ni ọ̀gá, àwọn ọmọ sì mọ̀.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́: ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó nínú ilé ìpàdé lórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ, fún nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí oníwàásù, kò sí orin, kò sí pẹpẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá gbé dìde á sọ ọ́, á jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa fún un lésì. Nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú kan péré la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí fóònù ti wà nínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kí ìwé tí wọ́n máa kà ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó wọlé, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì jókòó. Olùkọ́ tó bá ń pín ìwé kiri nígbà tí àwọn ọmọ dákẹ́ ti fi hàn wọ́n pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe tòun. Ẹ má sì fi jẹ wọ́n níyà láé. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ìbínú pa á láṣẹ pé kí wọ́n “wọ ìdákẹ́jẹ́” nítorí ariwo, ẹ ti sọ ọ́ di pàṣán.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì, tó ṣe pàtàkì ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ni èyí tó ń tẹ̀ lé ìbéèrè. Mary Budd Rowe, tó ṣe ìwádìí nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á sì lanu. Ẹ ka mẹ́ta nínú ọkàn yín lẹ́yìn ìbéèrè, kí ẹ tún ka mẹ́ta lẹ́yìn ìdáhùn. Ti ìkejì yìí ló nira jù, torí ẹnu olùkọ́ máa ń yún un láti sọ pé “ó dára gan-an”.

Ibi tí àwọn tó fẹ́ràn ìlànà Kúékà jù ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Ìjókòó kan wà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré yípo, pẹ̀lú àlàfo láàárín ẹnì kan sí èkejì, láìsí èsì, láìsí àríyànjiyàn. Ó dára fún ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn. Kò dára rárá fún ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀rí nínú ìwé. Bí ọmọ kan bá sọ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ owó orí ọjà ló fa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, pé kò kan ọ̀rọ̀ ẹrú, ìlànà ìjókòó náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tọ́ ọ sọ́nà. Gbogbo kíláàsì á gbé irọ́ tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbọ́ lọ sílé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí tábìlì àríyànjiyàn, kí ẹ sì gbé ìkéde tí ìpínlẹ̀ Mississippi kọ ní 1861, nígbà tó ń yapa kúrò lára Amẹ́ríkà, síwájú wọn. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́ láìfi bò pé ọ̀rọ̀ níní ẹrú ni àwọn dúró lé lórí. Kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀: “Ti àríyànjiyàn la wà lónìí” tàbí “Ti ẹ̀rí ọkàn ni.” Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Àwọn Kúékà tún máa ń fi ìbéèrè yẹ ara wọn wò. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀. “Ṣé kò yẹ kí gbogbo wa kórìíra ogun ni?” kì í ṣe ìbéèrè, ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀. “Ta ló jẹ̀bi?” á mú orúkọ kan wá, ọ̀rọ̀ á tán. Èyí tó dára á kan ẹni tó ń dáhùn, kò ní ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, kò sì ní dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti olùkọ́. Fún àpẹẹrẹ: “Àǹfààní wo ni mò ń jẹ lára ohun tí mo mọ̀ pé kò tọ́, kí sì ni mò ń dúró dè?” Ìbéèrè kan tó fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sórí káàdì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ gbà á, kí ẹ dá a padà fún wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn kí wọ́n tó kọ òmíràn.

Ní báyìí, ẹ̀kọ́ kan tí a gbà pé kò yẹ kó wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ Kúékà kankan: ìwé ẹ̀hónú Germantown ti 1688. Ó ń fẹ́ kíláàsì méjì, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí 1684, ọkọ̀ ojú omi Isabella gbé 150 ọmọ Áfíríkà wá sí Philadelphia, kíá ni àwọn olùgbé, tí Kúékà pọ̀ nínú wọn, sì rà wọ́n tán. Penn fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rin kan ní Germantown kọ̀wé sí ìpàdé ẹgbẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára: Francis Daniel Pastorius, Garret Hendericks, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Derick àti Abraham op den Graeff.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fún wọn ní ìwé náà láìsí ọjọ́, láìsí orúkọ, láìsí àkòrí. Ẹ fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn sílẹ̀ nínú ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà àkọ́kọ́ kí wọ́n lè rí i, kí ìyókù wà ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú láyé ìgbà yẹn. Kí kíláàsì fẹnu kò kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n máa sọ nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, kí ẹ má sì yan ọmọ dúdú láti ka apá yẹn fún àwọn yòókù. Kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta: ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Ọ̀pọ̀ ọmọ á sọ pé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ tó fi ọdún hàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àwọn ìdí inú ìwé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ní ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, kí àwa náà má ṣe é sí ọmọlàkejì, ìran tàbí àwọ̀ yòówù kó jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn lórí òkun pé àwọn ará Túrkì á kó wọn lẹ́rú. Kí wá ni àwọn fi sàn ju ará Túrkì lọ? Wọ́n ní ẹni tó jí èèyàn àti ẹni tó ra èèyàn tí wọ́n jí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọ́n ní títa ọkọ síbí, títa ìyàwó sọ́hùn-ún, àgbèrè ni wọ́n ń fipá mú wọn ṣe. Èyí tó sì le jù: bí àwọn ẹrú bá dìde jà fún òmìnira wọn, ṣé àwọn Kúékà tí kì í jagun á gbé idà, ṣé ẹ̀tọ́ àwọn ẹrú láti jà kò sì tó ẹ̀tọ́ olówó wọn láti mú wọn sìn? Ẹ dúró pẹ́ níbí yìí. Ẹ̀rí àlàáfíà àti ẹ̀rí ìdọ́gba forí gbárí nínú ìwé kan ṣoṣo, àwọn ọmọ á sì rí i fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹ tọ́ka sí i.

Ọjọ́ tó wà lára ìwé náà máa ń ṣi wọ́n lọ́nà. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ni wọ́n kọ síbẹ̀, gbogbo ọmọ á sì kọ February. Àwọn Kúékà kì í pe orúkọ oṣù tó ti ara òrìṣà àwọn ará Róòmù wá, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì rèé, oṣù March ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ títí di 1752. Oṣù kejì wọn, April ni. Ọmọ tí kò bá mọ èyí á to gbogbo ìtàn náà sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ pín kíláàsì sí ìpàdé mẹ́ta, bí ẹgbẹ́ náà ṣe to ìpàdé rẹ̀ láti kékeré dé ńlá. Ìwé náà dé ìpàdé oṣooṣù ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kejì, ó dé ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní Philadelphia lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹrin, ó sì dé ìpàdé ọdọọdún ní Burlington lọ́jọ́ karùn-ún oṣù keje. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ èsì tirẹ̀ ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó rí èsì gidi. Nígbà náà ni kí ẹ wá pín èsì gidi fún wọn. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ náà wúwo jù fún àwọn, ó tì í síwájú. Ti ìkejì náà ní ó wúwo jù, ó tì í síwájú. Ti ìkẹta ní kò yẹ kí àwọn dá ẹjọ́ lé e lórí, torí ó kan ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ pé irọ́ ni àwọn mẹ́rin náà ń pa. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mọ irú èsì yìí dáadáa. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á bínú.

Ẹ fa ìlà ọdún sára pátákó: 1688, 1758, tí ìpàdé ọdọọdún Philadelphia wá ta ko ríra àti títa ẹrú, 1776, tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ kúrò, 1780, tí ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣòfin ìdásílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin yẹn kò tú ẹni tó ti wà lóko ẹrú sílẹ̀. Ọmọ ẹrú tí wọ́n bá bí lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá á sìn títí á fi pé ọdún 28. Láti 1688 dé 1776, ọdún 88. Kí àwọn ọmọ ṣírò ìran mélòó ló gba ibẹ̀ kọjá.

Nǹkan méjì ló máa ń bà ẹ̀kọ́ yìí jẹ́. Ọmọ kan á sọ pé “bí ayé ṣe rí nígbà yẹn ni.” Ẹ dá a padà sí ìwé tó wà níwájú rẹ̀: àwọn ará ayé ìgbà yẹn náà ló kọ ọ́. Ìkejì ni pé àwọn mẹ́rin náà á di akọni, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò sì ní lóhùn. Olaudah Equiano, tó kọ ọ́ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé, wúlò níbí. Robert King, oníṣòwò Kúékà ará Philadelphia, ló rà á ní 1763, King yìí náà ló sì gba ogójì pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1766 kó tó fún un ní ìwé òmìnira. Ní 1785, Equiano àti àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn Kúékà ní London fún akitiyan wọn. Ẹ má yan èyí tó dùn gbọ́ nínú méjèèjì. Kí ọmọ gbé méjèèjì sórí tábìlì kan, kó sọ bí wọ́n ṣe jọ jẹ́ òótọ́.

Bí àkókò bá wà, ẹ fi Benjamin Lay àti John Woolman kún un, Kúékà méjì tó ta ko níní ẹrú. Lay, nínú ìpàdé ọdọọdún ní Burlington lọ́dún 1738, wọ aṣọ ológun sábẹ́ agbádá, ó fi idà gún ìwé tó ti fi àpò omi èso pupa sí nínú, omi pupa bíi ẹ̀jẹ̀ sì ta sí àwọn olówó ẹrú lára. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Woolman ní tirẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bá wọn jókòó, ó ń fi sùúrù bi wọ́n léèrè, ó sì máa ń sanwó fún ẹrú tó bá ṣiṣẹ́ fún un nílé tó bá dé sí. Ta nínú àwọn méjèèjì ni ọ̀nà rẹ̀ yí ẹgbẹ́ padà? Àríyànjiyàn yẹn lè gba odindi kíláàsì, kò sì sí ìdáhùn kan pàtó lẹ́yìn ìwé olùkọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó yẹ kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìpàdé Kúékà fúnra wọn. Bí wọ́n bá ṣe é ṣáájú, wọ́n á rò pé eré lásán ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ gidi: nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ Kúékà kan wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn kan nínú wọn sì dá ẹgbẹ́ Kúékà Olómìnira sílẹ̀ ní 1781. Kí ìpàdé pinnu: kí la máa ṣe sí ọmọ wa tó gbé ìbọn? Ọmọ kan á jẹ́ alága ìpàdé, èyí tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé lọ́dọ̀ wọn, ẹlòmíì á máa kọ àkọsílẹ̀, ìyókù á gba káàdì ipa: bàbá ọmọ náà, àgbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ti kó màlúù rẹ̀, ìyá tó ń bẹ̀rù, àgbà tó ní òfin ni òfin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún àlàyé àti ìdákẹ́jẹ́, márùndínlógójì fún ọ̀rọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kíkọ àkọsílẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àyẹ̀wò. Kò sí ìbò. Alága á sọ ibi tó gbọ́ pé ọkàn ìpàdé fì sí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, wọ́n á kà á sókè, àwọn ọmọ á gbà á tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dínà lè ní òun yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé alága, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ tí gbogbo kíláàsì fẹ́ràn, á sọ èrò tirẹ̀ bíi pé ti ìpàdé ni. Tàbí wọ́n á ka àwọn onítìjú tó dákẹ́ mọ́ àwọn tó gbà. Tàbí, bí agogo oúnjẹ bá kù díẹ̀, gbogbo wọn á kọjú sí ọmọ kan tó kù tí kò gbà, wọ́n á fi ojú pa á. Èyí tó kẹ́yìn yìí burú ju ìbò lọ. Ìbò ò ní kí ẹnikẹ́ni purọ́ pé òun ti gbà. Nítorí náà, kí gbogbo wọn kọ èrò wọn sórí ìwé pélébé kí alága tó sọ ohun tó gbọ́, kí olùkọ́ sì kà á. Bí kò bá bára mu, ẹ ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, àwọn Kúékà gidi náà máa ń sún un. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ń dúró níta nígbà tí ìpàdé ń sún ọ̀rọ̀. Wọ́n á rántí 1688 láìjẹ́ pé ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà náà wà. Láti 1869, lábẹ́ Ààrẹ Grant, ìjọba gbé àbójútó àwọn ẹ̀yà kan lé Kúékà lọ́wọ́ ní Nebraska, Kansas àti àyíká rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Kúékà tó wà ní Tunesassa fún àwọn ọmọ ẹ̀yà Seneca, ní ìwọ̀ oòrùn New York, wà títí di 1938. Ìlànà irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni láti gé irun ọmọ, láti yí aṣọ rẹ̀ padà, láti gba èdè lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é sì gbà pé oore ni. Ẹni tó bá ti san owó ìtanràn rí nílé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó sọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ má fi ìròyìn àwọn olùkọ́ Kúékà nìkan kọ́ ọ. Ẹ wá ohùn àwọn Seneca fúnra wọn.

Ní ti ogun àti òṣèlú, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ kọ́ wọn pé àwọn Kúékà dá AFSC, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1917, pé òun àti ẹgbẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 1947, pé Bayard Rustin, Kúékà tó ṣètò ìwọ́de Washington ti 1963 fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ti ṣẹ̀wọ̀n rí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì torí ó kọ̀ láti jagun. Ṣùgbọ́n ọmọ sójà wà nínú kíláàsì yín. Bí ìdáhùn tó gba máàkì jù bá jẹ́ ti ẹni tó kórìíra ogun nìkan, àwọn ọmọ á tètè mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, wọ́n á máa fún yín.

Iṣẹ́ ìwádìí kíláàsì kọkànlá ni ibi tí gbogbo èyí ti ń hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó, ojú ewé mẹ́wàá sí méjìlá, ìwé ojúlówó (èyí tí àwọn ará ìgbà náà fúnra wọn kọ) mẹ́ta ó kéré tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìbéèrè kan àti ìpínrọ̀ kan. Ní ìkarùn-ún, ìlà iṣẹ́. Ní ìkeje, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó ti olùkọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó fẹnu ṣàlàyé ibi tó ti rí ohun tó kọ. Ìjókòó yìí ló ń tú àṣírí ẹni tí ẹ̀rọ bá kọ̀wé fún. Ìbéèrè tó gbòòrò jù ló ń pa iṣẹ́ náà: “Àwọn Kúékà àti ẹrú” kì í ṣe ìbéèrè, ìwé ńlá ni. “Kí ni ìpàdé oṣooṣù Abington ṣe sí ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ẹrú láàárín 1758 sí 1776?” ló ṣeé ṣe. Ibi ìkówèésí Haverford àti Swarthmore, tí àwọn méjèèjì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Kúékà dá sílẹ̀ nítòsí Philadelphia, ni àkọsílẹ̀ ìpàdé pọ̀ sí. Haverford ni ìwé 1688 gan-an wà: wọ́n rí i ní 1844 lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀, ó tún sọnù, wọ́n tún rí i ní 2005. Ẹ kọ̀wé síbẹ̀ ṣáájú, ẹ mú ọmọ mẹ́sàn-án lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má mú méjìdínlógún. Pẹ́ńsùlù nìkan ni kí wọ́n mú dání. Ẹ sì ti fi ogún ìṣẹ́jú kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé àfọwọ́kọ ìgbà yẹn, pàápàá lẹ́tà s gígùn tó jọ f, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wákàtí kan á lọ lórí ojú ewé kan.

Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ máa ń bi wá jù ni bí a ṣe ń fún ọmọ tó dákẹ́ ní máàkì nílé ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀wọ̀ fún ìdákẹ́jẹ́. A kì í ka iye ìgbà tó sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta la ń wò: ṣé ìwé pélébé rẹ̀ fi hàn pé ó ka ohun tí a fún un, ṣé nígbà tó bá sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé ó ń tọ́ka sí ohun tí ọmọ mìíràn sọ, ṣé èrò rẹ̀ yí padà nígbà tí ẹ̀rí bá yí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí máa ń ní kí olùkọ́ kọ ìpínrọ̀ kan nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àfikún sí máàkì. Bí ọmọ bá jẹ́ ọgọ́ta tí ìpínrọ̀ kan sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn. Kí ẹ máa kọ gbólóhùn kan-kan sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì sáà, ohun tí ọmọ ṣe gan-an àti ọjọ́ tó ṣe é, kí ẹ sì fi “ọmọ dáadáa ni” àti “ó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ sí i” sílẹ̀ pátápátá.